Irin tó ń ka ọdún ènìyàn

Sewanu ọmọ mi,

Ìyá Àgbà ṣubú láàárọ̀ yìí. Wọn ò kú o, jókòó kí o tó kà á. Wọ́n fẹ́ dìde lórí àga tí wọ́n ti ń jókòó sí láti oṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ kọ̀, wọ́n lulẹ̀ gbàà lẹ́bàá ìkòkò omi, èmi tí mo pọn àbúrò rẹ sẹ́yìn ni mo dá gbé wọn, nítorí bàbá rẹ ti lọ sójú omi. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n sì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n gbàgbé ìkíni. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àlàáfíà ni Mísísì tó gbà ọ́ sílé? Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ ní Èkó níbẹ̀, mọ́tò kò ní kọlù ọ́, àmín. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ìdúró ni mo fi ń kọ ìwé yìí, o máa mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Irin kan ló fa gbogbo rẹ̀. Dókítà òyìnbó kan bá ọkọ̀ ojú omi wá láti Àgbádárìgì, òun àti Sagbo tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, wọ́n gbé irin pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ní kí àwa abiyamọ gbé ọmọ wa wá, ni gbogbo abúlé bá tú jáde. Òyìnbó á kọ́kọ́ béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni ọ́, á ní kí o gun irin, abẹ́rẹ́ á yí, Sagbo á pariwo iye kan, òyìnbó á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún rẹ. Kí ni kò yé ènìyàn níbẹ̀? Iye ọdún tí o máa lò láyé ni irin náà ń kà. Bàbá rẹ ní òṣùwọ̀n èkùrọ́ lásán ni. Mo ní ta ló ń wọn ènìyàn tí kò fẹ́ tà á? Ìyá Àgbà ní kí n panu mọ́, pé wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sókè létí omi tiwa yìí.

Wọ́n gbé Gbọ́lágadé àbúrò rẹ nìkan lé e. Sagbo ní ogún. Sewanu, ogún! Mo bi Sagbo bóyá ó dáa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, Ìyá ọmọ, bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń dáa sí i, ẹ fún un lọ́mú. Mo fa ọmọ mi pọ̀n, mo gun irin náà, abẹ́rẹ́ lọ jìnnà, Sagbo ní àádóje. Ṣé o rí i? Bó bá wà lẹ́yìn mi, ọdún tèmi ń ràn án lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà n kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Mo ń pọ̀n ọ́n yan ẹja, mo ń pọ̀n ọ́n pọnmi, ìdojúbolẹ̀ ni mo ń sùn. Ó ti ń rìn tàgétàgé kí irin yẹn tó dé o, ní báyìí ó kàn ń fẹsẹ̀ ta mí níbàdí pé kí n jẹ́ kí òun sọ̀.

Jẹ̀mílátù ìyàwó oníṣọ́ọ̀bù, tí kì í kúrò lórí àga, tí kò lè rìn dé ẹnu kànga láì sinmi lẹ́ẹ̀mẹta, irin fún un ní igba ó dín mẹ́wàá. Ó jó! Ìyá Àgbà gun tiwọn, mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún tẹ́lẹ̀. Jẹ̀mílátù ní, Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Àgbà, ẹ yáa máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti rin etí òkun lọ ṣa àgbọn wọn, wọ́n á padà wá jẹ ẹ̀kọ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja tó kéré jù nínú ìkòkò, kí ikùn tó kún wọ́n á ti ṣan ọwọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di ilé Dosi ọ̀rẹ́ wọn, kí wọ́n lọ jà lórí ta ló dàgbà jù, kí wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò gbọ́ pé orí fọ́ wọn rí. Wọ́n pa gbogbo rẹ̀ tì. Wọ́n ní ìrìn yẹn ló jẹ ọdún àwọn tán. Wọ́n ta àgbọn, wọ́n fi ra mílíìkì inú agolo àti ṣúgà àti bọ́tà, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń jẹ, kí abẹ́rẹ́ lè gbéra kí òyìnbó tó padà wá. Dosi wá, wọ́n ní kí n sọ pé àwọn ń sùn. Dosi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo, Mo dàgbà jù ọ́! Mo dàgbà jù ọ́ o! Ó ké títí, ó wá yí padà lọ sílé.

Èmi náà ń wo nǹkan. Ara wọn pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn mọ́. Jẹ̀mílátù tí irin fún lọ́dún rẹpẹtẹ, láti ilé wa níbí ni mo ti ń gbọ́ èémí rẹ̀. Dosi tó kọ̀ tí kò gun nǹkan kan, ó ṣì ń rìn. Mi ò mọ̀wé tó ẹni tó máa bá irin jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ̀wé sí mi pé wọ́n gbé yín gun irin tiyín nílé ìwé, pé tìrẹ jẹ́ márùndínlọ́gọ́rùn-ún, pé tíṣà ṣì ní kí ẹ máa sáré ní pápá, kí ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kí ẹ máa tètè sùn. Bí irin bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí ni ẹ tún ń sáré fún? Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sinmi.

Mo ka ibẹ̀ sí Ìyá Àgbà létí lórí ẹní láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa, pé kí Sewanu wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, pé ọwọ́ Sewanu nìkan ni àwọn máa dì mú láti rìn dé ilé Dosi.

Mo máa ń ní kí o bá mi tọrọ owó lọ́wọ́ Mísísì. Tọ̀tẹ̀ yìí, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, wọ́n á fi ra mílíìkì ni. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́. Bá ọkọ̀ ojú omi ti Sátidé wá, bí Mísísì bá ń bínú, kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run á jẹ́ kí o bá Ìyá Àgbà lókè eèpẹ̀, á jẹ́ kí ìwọ náà gbó ju iye tí irin kankan kà fún ọ lọ.

Sewanu, bó bá sì jẹ́ pé o mọ̀ dájú pé ogún yẹn kì í ṣe ọdún Gbọ́lágadé, jọ̀ọ́, má kọ ọ́ sínú ìwé, tètè wá sọ ọ́ lójú mi, kí n lè sọ ọmọ yìí kalẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Máa bọ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Láídé