Àwo Tánganran Tí Màmá Mi Fẹ́ Gbé Wá fún Mi

Ẹ bá mi bo orúkọ mi o, torí àwọn ará ilé ọkọ mi wà lórí page yìí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Màmá mi ò mọ̀ mí mọ́. Àwo tó wà lára ògiri pálọ̀ mi ló mọ̀.

Láti kékeré mi ni màmá ti ń ra àwo tánganran jọ fún mi ní Ifọ̀, búlúù àti funfun nìkan, òmíràn ní òdòdó, òmíràn ní ẹyẹ, ó fi ìró tó ti gbó wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi jẹun. Nígbà tí mo lọ́kọ, mo ní kó kó o fún mi, ó ní rárá, irú ẹrù yẹn kì í ṣe ti yàrá tá a háyà. Ó ní ọjọ́ tá a bá kó wọlé tiwa ni òun máa fọwọ́ ara òun gbé e wá, òun á fi ọ̀kan bu omi fún mi mu, òun á sì ṣàdúrà sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ló máa ń béèrè pé ibo lẹ bá ilé dé...

A parí ilé ní Mowe lọ́dún tó kọjá. Ara màmá ò yá, ó ti ń gbàgbé nǹkan, ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Oke-Aro. Ni èmi bá lọ sí Ifọ̀, mo fa àwo yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kó o lọ. Mi ò tọrọ ẹ̀. Mo ti rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń fi irú ẹ̀ ṣe decoration, mo ní surprise ni màá ṣe fún un. Kápẹ́ńtà kan pákó mọ́ ògiri, mo tò wọ́n láti òkè tẹlifíṣọ̀n dé ẹnu ọ̀nà, mo ra kọ́tìnnì búlúù sí i. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́.

Ọjọ́ tí màmá dé láti wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, ó dúró láàárín pálọ̀, ó ń wò ó, èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń retí kó gbá mi mọ́ra. Ó bú sẹ́kún. Ó ní wọ́n ti kó ẹrù ọmọ òun. Ó wá ń bẹ̀ mí, ó ń pè mí ní mà, ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀... ìyá tó bí mi. Mo sọ oríkì mi fún un. Ó ní oríkì ọmọ òun nìyẹn, ta ló sọ ọ́ fún mi?

Látìgbà náà, tílẹ̀ bá ti mọ́, á kó wọn sílẹ̀, á fi ìró ẹ̀ wé wọn. Èyí tí ọwọ́ ẹ̀ ò tó, á bẹ̀ mí kí n bá òun gbé e, màá sì gbé e. Á jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, á máa dúró de mọ́tò Mowe. Mowe tá a wà! Tó bá sùn lọ́sàn-án, màá tú u, màá tò ó padà, màá máa sunkún. Kí ni mo ń tò ó padà fún? Mi ò mọ̀.

Ọkọ mi ní ká kó gbogbo ẹ̀ pamọ́. A dán an wò, ó wá a lábẹ́ gbogbo bẹ́ẹ̀dì ilé, kò jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní òun máa gbé màmá àti ẹrù ẹ̀ sínú mọ́tò ní Sátidé yìí, òun á wà á dé Ibafo, òun á yí padà bí ẹni pé Ifọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀, kí èmi múra dáadáa, kí n ṣílẹ̀kùn, kí n kúnlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí màmá lè bu omi yẹn fún mi.

Ọkàn mi fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù sì ń bà mí... Tí mo bá kúnlẹ̀, tí màmá mi wò mí lójú, tó ní ẹ kúulé mà, ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó wà nílé? Kí ni màá sọ fún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú ìyá yín rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ṣí ilẹ̀kùn yẹn?