Ọwọ́ Tí Kò Sí Tó Ń Dun Bàbá Naimat

Adó-Odò,
Ọjọ́ Àìkú.

Naimat, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹnu tó ti rẹ̀ ni mo fi kí ọ, ṣùgbọ́n inú tó mọ́ ló ti wá. Ṣé ara le, ṣé ẹ̀kọ́ yẹn ń wọ orí, ṣé sọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín ní Ojú Ore l'Ọ̀tà ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Bí o ṣe gbé ìwé jáde nílé yìí, ayọ̀ ni wàá gbé padà wọlé. Àmín.

Má bínú pé n kò pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá gbé e sétí, ìwọ ń gbọ́ mi, bàbá rẹ náà ń gbọ́ mi, nítorí yàrá kan náà la jọ wà, àwọn kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò sì yẹ létí wọn. Wọ́n tún sọ fún mi pé ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì àwọn tó ni fóònù tó máa ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí kí ẹni ẹlẹ́ni máa gbọ́ ẹkún mi.

Ilé wà bó ṣe wà. Òjò ti pọ̀ jù fún gbágùúdá wa, ó ti ń jẹrà nínú ilẹ̀. Àdìzát, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, ti bímọ, obìnrin ni, imú bàbá rẹ ló sì gbé wáyé. Èédú tí mo ń tà ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ bàbá rẹ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ irin níbi iṣẹ́ wọn ní Sango ti gé ọwọ́ òsì wọn, tí a fi kó padà wá sílé, ọwọ́ tó lọ yẹn ni kò jẹ́ ká sinmi. Èyí tó kù kì í dùn wọ́n. Èyí tí kò sí ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ó di ẹ̀ṣẹ́, ó fún pinpin, èékánná ń wọ àtẹ́lẹwọ́, àwọn ò sì lè tú u. Mo wò títí, n kò rí ju apá aṣọ tí mo ká sókè tí mo fi pín-ìn-nì mú lọ. Kí ni kí n bá wọn tú níbẹ̀?

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọpọlọ ni, mo pa fóònù, mo sunkún. Mo ní ọmọ tí a rán lọ sí yunifásítì ló ń sọ pé orí bàbá òun ti dàrú. Ìgbà tí o pè padà lo tó là á yé mi pé o kò pe ẹnikẹ́ni ní wèrè, pé nínú ọpọlọ gbogbo wa ni àyè wà fún ọwọ́, àyè wà fún ẹsẹ̀, pé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ gé ọwọ́ bàbá rẹ, ṣùgbọ́n kò dé àyè ọwọ́ náà nínú orí wọn. Mo ní ó yé mi. Ohun tó yé mi ni pé ọwọ́ náà ti kó lọ sínú orí, mo sì ń fi òrí pa àtàrí wọn láràárọ̀ kí ó lè rọ̀ níbi tó wà. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n jẹ́ kí n pa á. Ìrora ti sọ bàbá rẹ di ẹni tí kì í bá èèyàn jiyàn mọ́.

Ẹfúnkẹ́, ìyàwó pásítọ̀ tí sọ́ọ̀ṣì wọn rán wá láti Ọ̀tà láti wá dá ẹ̀ka sílẹ̀ níbí, wá kí wa. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní òun fẹ́ gbàdúrà kí ọwọ́ náà hù padà. Bàbá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó bá àwọn gbàdúrà kí èyí tó wà níbẹ̀ lọ ná.

Àwọn àgbà ilé ní tiwọn sọ pé ọwọ́ tí a kò sin ni kò rí ibi sùn. Mo wọkọ̀ lọ sí ọsibítù tí wọ́n gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà, mo ní mo wá gba ọwọ́ ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì wò mí títí, ó fún mi ní àga, ó ní mọ́mì, wọ́n ti sun ún tipẹ́. Mo délé, mo jíṣẹ́ fún bàbá rẹ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n mi orí, wọ́n ní abájọ tó fi ń gbóná. Láti ọjọ́ náà ni jíjó ti kún fífún.

Níbi tí ó dé nìyẹn tí Ọ̀ṣìnúbí, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tó ń wa mọ́tò báyìí, fi wá sọ pé òun mọ dókítà kan tó lè gé apá náà sókè sí i, kí ìrora lè bá a lọ. Bàbá rẹ ní kí wọ́n gé e dé èjìká. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ìwọ náà ní tí wọ́n bá gé e dé èjìká, ìrora náà lè má lọ, pé ọpọlọ kò ní mọ̀ pé ọwọ́ ti lọ. Mo sọ ìyẹn fún wọn. Wọ́n ní kí ọpọlọ wá gbé e fún wọn nígbà náà. Wọ́n dá ọjọ́ Àlàmísì.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́, mo wò ó. Mo rí òyìnbó tó ti apá bọ inú àpótí, ọwọ́ tí kò ní sì yọ. Mo ṣe bísímílà, mo pa á, mo rò pé apidán ni. Ìgbà tí o ní dígí lásán ni, mo gbé dígí kọ́ sára ògiri níwájú wọn. Bàbá rẹ wo ojú ara wọn títí, wọ́n ní àwọn ti darúgbó. Ìgbà tí o wá pè tí o ṣàlàyé pé àárín apá méjèèjì ni dígí ń dúró, kí èyí tí a gé wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún wà níwájú, pé ojú la fẹ́ fi purọ́ fún ọpọlọ, mo bi ọ́ bóyá irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. O rẹ́rìn-ín. N kò bi ọ́ kí o lè rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ Àlàmísì, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti dé fìlà. Mo yọ dígí kúrò lára ògiri, mo gbé e sáàárín apá wọn, mo dì í mú. Mo ní kí wọ́n di ọ̀tún ní ẹ̀ṣẹ́, kí wọ́n tú u, kí wọ́n ṣáà máa wo inú dígí. Nítorí tèmi ni wọ́n fi ṣe é. Naimat, ọwọ́ òsì bàbá rẹ wà níbẹ̀, odindi, pẹ̀lú ìka rẹ̀. Wọ́n dì í, wọ́n tú u, títí apá mi fi ń gbọ̀n. Ọ̀ṣìnúbí dé láti gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó fọn fèrè mọ́tò, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó bá wọlé. Bàbá rẹ kò wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí ó ní sùúrù, ọwọ́ náà ti ń tú. Ọ̀ṣìnúbí dúró lẹ́yìn wọn, ó wo dígí náà, ó ṣí fìlà. Níṣojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ti gé ọwọ́ náà. Ó jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá rẹ mí kanlẹ̀, wọ́n ní ó ti tú. Orí ìjókòó ni oorun ti gbé wọn lọ. Ọ̀ṣìnúbí rọra jáde, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ó ti tán. Ó máa ń padà di. A ń ṣe é lójoojúmọ́, èmi ni mo sì ń di dígí mú, lẹ́yìn tí mo bá ti ru èédú dé. Èyí ni n kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí, Naimat. Ọrùn ń ro mí, èjìká ń ro mí, àwọn yẹn sì wà lára mi lóòótọ́. Bí o bá rí dígí tó ní ẹsẹ̀ ní Ọ̀tà, bá mi rà á, kí o sì fi owó díẹ̀ há ẹni tó ń bọ̀ wálé lọ́wọ́. Má gba báńkì, nítorí ọkùnrin tó ń ti owó jáde nínú ẹ̀rọ báńkì Adó kì í sábà wà níjókòó. Tí o bá sì ní ìsinmi, wá dì í mú fún ọjọ́ méjì péré.

Mo fẹ́ gbàgbé. Lánàá, bí wọ́n ti ń wo dígí, mo fi ọwọ́ mi kan ọ̀tún wọn kí n lè tún un gbé. Wọ́n ní òsì ni mo fọwọ́ kàn. Wọ́n ní ọwọ́ mi tutù, pé ṣé aṣọ ni mo ti ń fọ̀ láti àárọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n pẹ̀lẹ́, kí n fi í síbẹ̀ kó móoru díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ ti bi mí ní nǹkan tó kàn mí. Mo fi í síbẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ohun tí o fọwọ́ mú kò ní já bọ́. Mọ́tò tí o bá wọ̀ yóò gbé ọ dé ibi tí o ń lọ. A ó fojú gán-án-ní ara wa láìpẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràfátù.