Kọfí Kíkorò Níwájú Àna

Wagdi ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹni tí Ọlọ́run fi nu omijé mi nù,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé yàrá orí òrùlé tí o háyà yẹn kò jò mọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Káírò gbé ọ mì. Oúnjẹ tí o bá jẹ níbẹ̀, ara rẹ ni yóò lọ, kò ní lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, ilẹ̀ ni yóò máa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ kí ọ, Rawya àbúrò rẹ kí ọ, abo ẹfọ̀n wa pàápàá ìbá kí ọ bó bá lẹ́nu, nítorí ó ti bímọ, abo ni, ó lẹ́wà, a ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni kí ojú burúkú má baà wò ó, nítorí náà ìwọ náà má sọ.

Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún. Dókítà ní kó má gun òkè mọ́. Mo ní òkè wo ló wà ní abúlé wa, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ tí a fi ń gbé búrẹ́dì? Mo sì ti sanwó kó tó sọ ọ́.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí ọwọ́ Rawya ni fóònù wà, ọ̀rọ̀ Rawya gan-an ni mo sì fẹ́ sọ. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí bàbá mi tó ní ó tó. Bí lẹ́tà kan bá dorí kodò, kí o bá mi gbé e dìde.

Tẹlifíṣọ̀n tí o rà fún wa nígbà iléyá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Ọlọ́run yóò san ọ́ lẹ́san. Ṣùgbọ́n ọkùnrin onígíláàsì ojú tó máa ń jókòó sínú rẹ̀ ka ìròyìn lẹ́yìn ìrun alẹ́ yẹn, ẹni tí o sọ pé ìwọ lo ń gbé iná sí lójú níbi iṣẹ́, kí ló ń ṣe é? Kò sí ìgbà tó máa sọ̀rọ̀ tí kò ní kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Bàbá rẹ ní bóyá gbèsè ló jẹ. Èmi ní ebi ni. Àwọn ọ̀rọ̀ pupa kan sì tún wà tó ń sáré kọjá lábẹ́ àyà rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú irin, mi ò tíì ka ọ̀kan parí rí. WÀHÁLÀ ni mo máa ń rí kà, kí n tó mọ wàhálà kí ni, ó ti wọ igun àpótí náà lọ.

Ọjọ́ kan ló mí kanlẹ̀ tó ní ìjọba ti fi pọ́n-ùn sílẹ̀ kó máa léfòó. Mo bi bàbá rẹ pé lójú omi wo. Ó rò ó títí, ó ní á jẹ́ omi òkun Alẹkisáńdíríà, torí tó bá jẹ́ odò tiwa ni, àwọn ọmọdé ìbá ti kó o. Mo dìde, mo ṣí àpótí, mo fọwọ́ kan owó tó wà níbẹ̀, gbígbẹ ni. Mo ní a dúpẹ́. Olùkọ́ àgbà wá ṣàlàyé fún wa lọ́jọ́ kejì pé kì í ṣe omi, pé ọjà ni wọ́n fi pọ́n-ùn lé lọ́wọ́ kó máa gbé e sókè kó máa gbé e sódò bó ṣe wù ú. Mo ní kí ni ìyẹn fi yàtọ̀ sí omi?

Láti ìgbà yẹn, ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n yìí ló ń ṣàkóso abúlé wa. Tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá pàdé ènìyàn létí odò, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ẹran ọ̀sìn. Ní báyìí, ṣé o gbọ́ ohun tó sọ lánàá ni ìkíni. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní òun dá bíríkì dúró ná. Ẹni tó fẹ́ ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní ká ṣì máa wo ayé. Wagdi, mo jáde lọ wo oko. Ẹ̀wà yọ òdòdó bó ṣe ń yọ lọ́dọọdún, omi ń ṣàn, kò sí eéṣú, kò sí àrùn. Kò sí ohun tó jó, àfi etí wa.

Ìgbà tó yá ló kan ṣúgà. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ṣúgà wọ́n. Ó ṣeé ṣe ló sọ o, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ṣeé ṣe ti sọnù sójú ọ̀nà, ṣúgà wọ́n nìkan ló dé ṣọ́ọ̀bù Shalabi. Gbogbo obìnrin abúlé yìí ló dà síbẹ̀. Ẹni gbé àpò, ẹni gbé garawa. Ìyá Galal tó múlé tì wá fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó tiẹ̀, ẹranko náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó rí mi tí mo káwọ́ sẹ́yìn, ó ní Ìyá Wagdi, ṣé ìwọ ò ní rà ni, àbí adùn ń bẹ lẹ́nu rẹ láti ọ̀run wá? Mo ní iye kan ni ṣúgà lánàá, iye mìíràn ni lónìí, kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Ọkùnrin kan ló mí kanlẹ̀. Èmi ò lè fi owó ra èémí ọkùnrin yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo lọ sílé. Mo ti ṣírò rẹ̀: ìbẹ̀rù kì í pẹ́ lọ́jà, bó bá rọlẹ̀, owó ṣúgà á rọlẹ̀, màá wá rà á ní pọ́ọ́kú.

Shalabi tà á títí pákó ìpàtẹ rẹ̀ fi mọ́ bí ojú ọmọ tí a wẹ̀. Lálẹ́ kan, ọkùnrin rẹ fi ṣọ́ọ̀bù òfìfo hàn wá láti Káírò, ó mí kanlẹ̀. Ìyá Galal wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní ṣé ẹ rí i, ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní bí mo bá ju òkò sí adìyẹ inú àgbàlá tí wọ́n sì fò lọ tán, tí mo wá ní mo ti sọ pé adìyẹ ò ní sí níbẹ̀, ṣé wòlíì ni wọ́n máa pè mí? Ó ní ẹnu mi mú, kí n lọ fi lá tíì mi.

O máa ní ṣúgà orí káàdì ìjọba ńkọ́. Mo lọ. Wọ́n ki káàdì wa bọ ẹ̀rọ kékeré yẹn lẹ́nu, ẹ̀rọ ní a ti jẹ ti oṣù yìí. Mo ní irọ́ ló pa. Mo búra fún un, mo fi Ánábì bẹ̀ ẹ́, mo ní kó tún inú rẹ̀ wò. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ní ìyá, kò gbọ́ èdè. Mo ní ṣùgbọ́n ó gbọ́ ti oúnjẹ wa tó fi ń kà á.

Nínú ipò yẹn ni a wà tí Alájì Bayumi fi ránṣẹ́ pé òun àti àbúrò òun ń bọ̀ wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó Hilal ọmọ òun àti Rawya. O wà nílé lọ́dún tó kọjá nígbà tí a ka Fátíà lé wọn lórí pé wọn yóò fẹ́ ara wọn, o mọ bí inú àbúrò rẹ ṣe dùn tó. O sì mọ̀ pé ṣárábátì ni wọ́n ń mu lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, omi ṣúgà pupa fòò, adùn rẹ̀ á dé erìgì. Rawya gbé ife kan lọ́wọ́, ó lọ tọrọ ṣúgà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn ló búra pé àwọn ò ní. Ẹlòmíràn ń búra, èèrà ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá Galal ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ kó bu ọgbọ́n rẹ̀ sínú omi, kó rò ó pọ̀, á dùn.

Mi ò lè jẹ́ kí àna jókòó sílé mi lẹ́nu gbígbẹ. Mo gbé kọfí kaná. Mo sọ lọ́kàn mi pé ṣúgà ti wọ́n nílé gbogbo, á yé wọn. Ohun tí mo rò nìyẹn, nítorí mi ò wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni.

Wagdi, o mọ ibi tí a ti ń mu kọfí tí kò ní ṣúgà. Ilé òkú ni. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò rántí ni pé Alájì kò tíì fi ẹnu kan irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú Fathi, ẹ̀gbọ́n Hilal, wálé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ó bu kọfí náà mu. Kò gbé e mì. Ó pa á mọ́ ẹnu, ó ń wò mí, lẹ́yìn náà ó gbé e mì, ó rọra gbé ife sílẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin. Ó ní òun ò mọ̀ pé òkú wà nílé yìí, òun ìbá ti wá kí wa kú ara fẹ́ra kù.

Bàbá rẹ dìde pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó ń ṣàlàyé pé ṣúgà ni kò sí, pé ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Alájì ní ayé wo? Òun ní àpò ṣúgà nílé. Àbúrò òun ní. Ilé wo ni kò ní? Àbúrò rẹ̀ ní kó má bá wa jà, pé ta ni kò mọ Ìyá Wagdi, ẹni tó máa ń ka ẹ̀wà kó tó dà á sí ìkòkò, ó ti ka ṣúgà mọ́ ọmọ rẹ̀ lórí nìyẹn. Bó bá jẹ́ irọ́ ló pa, ǹ bá bínú.

Wọ́n jáde. Rawya wọlé pẹ̀lú aṣọ tuntun tó wọ̀, kò wo ojú mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife Alájì, ó gbé e lọ sẹ́yìn, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Kò sunkún. Ǹ bá fẹ́ kó sunkún. Láti ìgbà náà, bó bá ti parí iṣẹ́ ilé, á fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ọkọ tó ti ń fọwọ́ rán láti kékeré yọ nínú àpótí, á tú u, á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á tún ká a padà. Mo pàdé Hilal létí odò. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní ìyá, kí ni mo lè ṣe, bàbá mi ní kọfí ọjọ́ ìsìnkú Fathi ló tún padà sẹ́nu òun. Mo ní kò sí ohun tí o lè ṣe, ọmọ mi, máa lọ sílé.

Alájì ránṣẹ́ pé òun ò tíì tú Fátíà ká. Ó ní òun á máa wo ayé. Bí ayé bá dáa kí a tó kórè àlìkámà, òun á wá. Bí kò bá dáa, òun á ka Fátíà níbòmíràn. Mo wá ń rò ó pé ta ni yóò sọ fún un pé ayé ti dáa. Àlìkámà kọ́, ó ń wò ó lóòjọ́. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́, ẹni tí ìwọ ń gbé iná sí lójú. Wọ́n sì ti rí Alájì lẹ́ẹ̀kan nílé Ìyá Galal. Obìnrin yẹn ní ọmọbìnrin, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Tíì tí wọ́n fún un, wọ́n ní ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Búrẹ́dì fìtírì méjì wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí awakọ̀ máa gbé fún ọ, ìpele lórí ìpele, bọ́tà ẹfọ̀n wa ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ni tìrẹ, ọ̀kan ni ti ọkùnrin náà, má tọ́ tiẹ̀ wò. Rí i pé ó jẹ ẹ́ kó tó jókòó sídìí tábìlì yẹn. Ẹni tó bá jẹ fìtírì yó, èémí bẹ́ẹ̀ ò lè rí àyè jáde. Bí iná rẹ bá ń ta á lójú, dín in kù. Mi ò ní kó purọ́ o. Bí nǹkan bá burú, kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Shalabi ní ọkọ̀ ṣúgà ti dé ìlú Bẹni Suweifu, èmi fúnra mi fi ojú rí àpò rẹ̀. Mo jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà pé ọkùnrin rẹ á sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ epo.

Owó ni mo tún fẹ́ kí o fi ránṣẹ́, mo mọ̀ pé oṣù ò tíì parí. Kì í ṣe ti orúnkún, orúnkún á dúró. Owó àpò ṣúgà kan ni. Shalabi ti gbé owó lé e, ó ń tà á bí ẹni ń ta wúrà. O mọ̀ mí, láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, mi ò ra abẹ́rẹ́ rí láì béèrè iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí, mi ò ní béèrè. Iyekíye tó bá pè é, màá san án lójú gbogbo wọn.

Màá ro ṣárábátì sínú ìkòkò ńlá tí a fi ń se ọ̀pọ̀ ẹran nígbà iléyá. Màá gbé e rù lọ́sàn-án gangan, láìbò ó, màá gba iwájú ilé Ìyá Galal kọjá, màá sì gbé e lọ bá Alájì nílé rẹ̀. Bó bá ní òun ń gbààwẹ̀, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí òòrùn á fi wọ̀. Bó bá dà á nù, èèrà inú ilé rẹ̀ á sọ fún un pé ó dùn. Bó bá sì ti fún ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n tó dé, màá bu ife kan fún Rawya, a óò sì jọ mu ún ní ojú ọ̀nà, èmi àti ọmọ mi, kó lè mọ̀ pé mi ò ka ohunkóhun mọ́ ọn lórí.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lórí àwọn àkàbà tí o ń gùn pẹ̀lú iná. Yóò fún ọ ní ìyàwó tó ní sùúrù. Ọwọ́ rẹ yóò máa lọ síwájú. Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu kọfí kíkorò lórí rẹ nígbà tí ojú èmi ṣì là.

Èmi ni ìyá rẹ,
Inshirah