Kí Keziah Máa Bọ̀

Màámi,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí n sọ òótọ́ fún yín kí ẹ tó ta ilẹ̀ Bàbá ní Ìgbàyè, kí Keziah àbúrò mi lè wá bá mi kọ́ àwọn ọmọ Táílàǹdì ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibí dára, mà. Ọ̀gá ń yọ owó yàrá, owó fíísà àti owó ọkọ̀ òfuurufú tó gbé mi wá nínú owó oṣù mi. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi tíì rí nǹkan gbà. Wọ́n tún ń bá mi tọ́jú páásípọ́ọ̀tù mi, kó má baà sọnù.

Lánàá, wọ́n ní, "Bí àbúrò rẹ bá ti dé, tó fọwọ́ síwèé, gbèsè tìrẹ ti tán. O lè máa lọ sílé."

Mo ní, "Ó máa dé, sà."

Ẹ ta ilẹ̀ náà. Kó fi iṣẹ́ tíṣà Òkukù sílẹ̀. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá fún un, ó máa ń ro nǹkan jù.

Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìnísà. Ẹ kí Keziah, ẹ ní kó jẹun dáadáa kó tó máa bọ̀.

Èmi ọmọ yín,
Olúbọ̀dé