Odò Ìjù Kò Kún

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó ń fi pẹ́ńsùlù há etí sùn,

Ṣé pẹ́ńsùlù wà ní Àlùjánnà? Láti ìgbà tí a ti sin yín ni mo ti fẹ́ kọ̀wé yìí. Mo ti ya ìwé mẹ́rìnlá dànù kí n tó rí èyí kọ. Ó dáa, méjì ni. Ẹ ṣáà mọ̀ mí.

Irọ́ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ìjù, tí èmi àti àwọn ọmọ ibẹ̀ ń rìn wá sí kíláàsì yín ní Ọ̀tà, ojoojúmọ́ la ń pẹ́. Ẹ nà wá títí pàṣán fi gbó, a ṣì ń pẹ́. Ìgbà náà lẹ ju pàṣán sórí àjà, ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ ní fún ọ̀sẹ̀ méjì ẹ kò ní na ẹnikẹ́ni. Ẹ ó kàn máa kọ ẹni tó pẹ́, ìdí tó fi pẹ́, àti ohun tó bá yí padà. Àwọn tíṣà yòókù ń rẹ́rìn-ín pé ẹ ti di akọ̀wé kóòtù.

Nígbà tó kàn mí, mo ní odò Ìjù kún, ó gbé igi afárá lọ, ọ̀nì tó gùn tó lọ́rì sì sùn sí bèbè. Gbogbo ọmọ Ìjù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n ń ru igi ìdáná àti ata ìyá wọn lọ pàdé lọ́rì Èkó ní Ṣàngó kí wọ́n tó wá. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín, kí ẹ tó ju pàṣán sórí àjà, ẹgba ló jẹ, ẹ ní ó fi ọjà ṣáájú ìwé. Ní tèmi, ìyeyè ni mo ń ká.

Kò pẹ́ lẹ fi orin àti iṣẹ́ ọgbà ṣáájú láàárọ̀, ẹ sún ìwé kíkà sẹ́yìn, kí ẹni tó bá pẹ́ má baà pàdánù rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Ìjù ń kàwé bí ẹyẹ ẹ̀gà, ọ̀gá ilé-ìwé ìgbà náà ní kí gbogbo kíláàsì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé odò irọ́ mi ló ṣe é. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí.

Ẹ tún wá ń fi kún ìtìjú mi. Tí mo bá yà jẹun lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn ilé-ìwé, ẹ ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ẹ ó ní, “Odò ńkọ́?” Màá ní ó kún. Kódà nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo ayé ń là, mo ní ó kún. Ẹ ó mi orí, ẹ ó bu ẹran tiyín sínú àwo mi.

Ọ̀gá tuntun ti dé báyìí. Òyìnbó alábẹ̀wò ń bọ̀, ó sì fẹ́ dá ohun gbogbo padà sí ti àtijọ́, àti pàṣán pẹ̀lú. Lánàá ó kó àwọn tíṣà àti àwa ọmọ Ìwé Kẹfà jọ, ó ka ojú-ewé odò nínú ìwé yín sókè. Ó ní òun ti dé ibẹ̀, pé odò tí ewúrẹ́ ń là kọjá ni. “Irú èyí lẹ fi ń darí ilé-ìwé? Òpùrọ́ ló kọ ọ́.”

Mo dìde, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni òpùrọ́ náà, kì í ṣe bàbá mi.” Mo sọ ti lọ́rì, mo sọ ti ata, mo sọ ti ìyeyè. Ó wò mí, ó ṣí ojú-ewé tó tẹ̀lé e, ó kà á sínú. Ó gbé e fún mi pé kí n kà á. Ọwọ́ yín ni:

“Mo jí lọ sí odò lónìí. Omi kò dé kókósẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọmọ mi wà lórí igi ìyeyè, kò rí mi. N kò ní bi í léèrè irọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ọmọ fi ń bẹ̀rù láti sọ òtítọ́ fún mi. Ọwọ́ mi ló fà á.”

N kò lè kà á tán. Tíṣà tó kọ́kọ́ pè yín ní akọ̀wé kóòtù ló bá mi kà á parí.

Ọ̀gá kò tíì gbà o. Pàṣán ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí n mú òun gba ọ̀nà Ìjù láàárọ̀ ọ̀la, kí òun fi ojú ara òun rí i, mo sì rí i tó ń wá ìwé kékeré kan tí a kò tíì kọ nǹkan sí.

Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ mọ̀, ẹ ṣì ń bi mí. Ṣé ìtàn mi lẹ fẹ́ gbọ́ ni, àbí ẹ ń dúró de ọjọ́ tí n kò ní bẹ̀rù yín mọ́?

Odò kò kún, Bàbá mi. Kò kún rí.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó jẹ gbogbo ẹran àwo yín.