Àpẹẹrẹ Tí Mi Ò Lè Sọ

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ́gàríbì

Ní kíláàsì A level wa ní Tanke lónìí, olùkọ́ Ẹkọnọ́míìsì ní kí n mú àpẹẹrẹ kan wá: kí lèèyàn ń pàdánù tó bá yan nǹkan kan dípò òmíràn?

Mo dìde. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ló wá sí mi lọ́kàn. Láàárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá, ó di ọwọ́ mi mú. "Àṣàbí, má lọ lónìí. Jókòó tì mí."

"Màmá, a ní tẹ́ẹ̀sì. Mi ò ní pẹ́ dé."

Ìgbà tí mo fi padà dé ilé wa ní Gàmbàrí lẹ́yìn Àsárì, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà," ni mo sọ fún olùkọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o ṣe dáadáa jù nínú tẹ́ẹ̀sì Jímọ̀?"

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi.