Pépà Tí Mo Fi Di Ẹja fún Mùlíkátù

Waliyah ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà ní Lásùnwọ̀n? Kí Ọlọ́run máa mú yín lọ, kí ó máa mú yín bọ̀ níbi iṣẹ́ tí ẹ ń jí lọ kí ojú tó mọ́. Ara mi le, ṣùgbọ́n àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nítorí ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ bàbá yín ní Ẹ̀pẹ́ ńbí.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti mú wọn lápá àti lẹ́sẹ̀ òsì, wọn kò jáde mọ́. Wọn kò fẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ ojú omi rí bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bí kò ṣe "omi dà?" Àfi ìgbà tí o fi ìdì pépà àtijọ́ yẹn rán dẹ́rẹ́bà láti gáréèjì Ìkòròdú, pé kí n máa fi di ẹja fún oníbàárà. Bàbá yín fa ọ̀kan yọ, wọ́n mú báírò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé kéékèèké, òmíràn dúdú, òmíràn funfun. Waliyah, jìnnìjìnnì bò mí! Mo ní hántú táwọn alfa fi ń ṣoògùn nìyí, ta ni wọ́n fẹ́ fi mú? Mo sáré pe Alfa Salman. Alfa wo pépà títí, wọ́n ní kì í ṣe hántú o, ààlọ́ ni, àwọn oníwèéròyìn ló ń pa á, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kọ èsì síbẹ̀. Mo ní àgbàlagbà tó wọ kóòtù jókòó sí ọ́fíìsì, ààlọ́ ló ń pa? Lọ́sàn-án gangan?

Lọ́jọ́ kejì, bàbá yín kígbe pé, "Méje dáùn!" Mo da agbọ̀n ẹja sílẹ̀, mo ń bèèrè pé àwọn méje wo ló dáùn, ṣé ọkọ̀ ló rì ni? Àṣé ààlọ́ keje ni, èyí tí wọ́n ń kọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Mùlíkátù, oníbàárà mi láti Agbọ̀wà, wá ra ẹja. N kò wojú pépà, mo fi dì í fún un, ó lọ. Bàbá yín wá pépà títí, wọ́n ní, "Mùsílímátù, pépà mi dà?" Orúkọ mi, Waliyah! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Mo ní ó ti bá ẹja lọ. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbá ọ̀pá mú, wọ́n ti bọ́ síta! Mo káwọ́ lérí, mo ń tẹ̀ lé wọn, mo ń pariwo pé wọ́n á ṣubú. Wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ yẹn kọjá níwájú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ìdrís ọ̀rẹ́ wọn ju àwọ̀n sílẹ̀, ó lanu, kò lè pa á dé, òun náà bá tẹ̀ lé wa.

A bá Mùlíkátù nínú ọkọ̀ ní gáréèjì. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ kí ó tó mọ ohun tó ṣe. Bàbá yín ní kó kó ẹja rẹ̀, kó fún àwọn ní pépà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tòun ti òróró, wọ́n bi gbogbo wa pé ẹyẹ wo ni kì í sùn lóru. Ìdrís ní òwìwí. Bàbá yín ní ilé mẹ́ta péré ni pépà fún àwọn. Gbogbo gáréèjì gbà pé ìkà làwọn oníwèéròyìn. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ náà ní kí wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́, kí wọ́n fún un mọ́ra. Ni bàbá yín bá bú sẹ́rìn-ín. Ní gbangba, Waliyah, pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni pépà ń fẹ́.

Fi owó láílọ́nù ránṣẹ́ sí mi, nítorí n kò gbọdọ̀ fi pépà di ẹja mọ́. Bàbá yín náà ní kí o fi owó bàtà ránṣẹ́, èyí tó ní okùn lẹ́yìn, kí ó má máa bọ́ lẹ́sẹ̀ òsì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kírun Jímọ̀.

Bí o ṣe ń ra bàtà fún bàbá rẹ yìí, àwọn ọmọ rẹ náà á rà á fún ọ, wàá sì rí ibi tí wàá wọ̀ ọ́ lọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùsílímátù